Òkú Oṣù Keje

Ó fi ṣóńṣó bàtà kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kò mira. Ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó na ìgbálẹ̀, ó sì fi etí ìgbálẹ̀ ti ẹran kékeré náà gorí ṣọ́bìrì, ẹ̀yìn lókè, ikùn nísàlẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò yí i padà. Ìrù ló gun ṣọ́bìrì gbẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ pupa, òkè rẹ̀ dúdú, irun ibẹ̀ dúró ṣánṣán bíi búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìgò. Averil Maddock yínmú.

"Òmùgọ̀," ló wí fún un, ó sì gbé e jáde lọ dà sẹ́yìn ọgbà.

Oṣù Keje ni, àárín ìgbà òtútù níbẹ̀. Ìrì dídì ṣì funfun lórí páànù ahéré ìrẹ́run, ilé gbọọrọ tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Oṣù Keje. Ìgbálẹ̀. Ṣọ́bìrì. Òmùgọ̀.

Onírùpupa ni wọ́n ń pe ẹran náà ní Dorrakin, ìlú oko tí Averil ń gbé. Bó bá sáré gba orí igi kọjá, ẹ ó pè é ní ọ̀kẹ́rẹ́; ẹ wo eyín rẹ̀ kẹ́ ẹ tún pè é bẹ́ẹ̀. Ẹran ló ń jẹ. Aláǹtakùn, ìrẹ̀, ẹyẹ kékeré, eku tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò wúwo ju ẹyin adìyẹ kan lọ. Bíi ti kangarúù ló ṣe ń bímọ: ọmọ á jáde kó tó di ọmọ, á rọ̀ mọ́ ọmú nísàlẹ̀ ikùn ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa dàgbà.

Ohun tó mú Averil kẹ́gàn wọn jù ni ti àwọn akọ. Kò sí akọ onírùpupa tó ń pé ọdún kan láyé. Bí òtútù bá ti mú, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lé abo kiri orí igi. Wọn ò ní jẹun, wọn ò ní sùn, irun wọn á máa re, títí wọn á fi máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí èso jíjẹrà. Kí oṣù Keje tó parí, akọ ti tán nílẹ̀ pátápátá. Abo nìkan ló kù, tòun toyún. Ọmọ kékeré Dorrakin mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Averil gan-an ló máa ń sọ ọ́ fún àlejò nílé ọtí, ó sì ní bó ṣe ń parí rẹ̀: pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin wọn àtàwọn ọkùnrin tó jókòó yí wọn ká yìí, àfi pé ojú ti àwọn ẹran, wọ́n tètè kú.

Ọmọ etí òkun ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tí Lloyd Maddock mú un wá sáàrin àlìkámà. Bàbá Lloyd wò ó látòkè délẹ̀, ó ní kò ní lo ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Òun ló sin bàbá náà. Kò sunkún.

Ó kẹ́gàn àgùntàn, nítorí bí ọ̀kan bá kó sí kòtò, àádọ́ta á tẹ̀ lé e. Ó kẹ́gàn pásítọ̀, nítorí ohun kan náà. Ará Perth, ìlú ńlá ibẹ̀, ó kó gbogbo wọn pọ̀ kẹ́gàn lẹ́ẹ̀kan, kó má baà fàkókò ṣòfò. Ológbò igbó nìkan ló bọ̀wọ̀ fún díẹ̀. Ó ní ológbò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá rí i, á yìnbọn fún un.

Lloyd kì í jà. Bí Averil bá ti bú u tán, á ní, "Ó dáa, Av," á sì gba ìdí àga rẹ̀ lọ.

Àga náà. Àga onítìmùtìmù ńlá kan, aláwọ̀ erùpẹ̀, tí Lloyd jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, Averil dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ohun tó ń rùn tó báyẹn kò ní wọ ilé òun láéláé. Láéláé lọ́rọ̀ tó lò. Lloyd ní ó dáa, Av. Ó gbé àga sí igun ahéré ìrẹ́run, ibẹ̀ ló sì ti mu tíì àárọ̀ rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn onírùpupa a máa fa òwú inú rẹ̀ láti fi tẹ́ ibùsùn ọmọ wọn. Ó mọ̀. Á jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n lè ráyè fà á.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni nígbà tó kú sórí katakata, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, láàrin ìgbà ìfúnrúgbìn. Katakata ń bá tirẹ̀ lọ títí ó fi wọnú wáyà ọgbà. Averil pa ẹ́ńjìnnì kó tó fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀. Nígbà táwọn èèyàn dé, ohun tó sọ ni pé òun ti ní kó sinmi. Pé akọ ni.

Kò gbé àga wọlé. Láéláé ló wí, kò sì ní tìtorí òkú kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí kì í lọ nu eruku ara rẹ̀.

Igbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàrin oko rẹ̀ àti oko Clive Rundle. Igi wándù àtijọ́, aláwọ̀ funfun, tí inú wọn ti dihò. Ìyókù ilẹ̀, àwọn bàbá wọn ti gé e kanlẹ̀, wọ́n sì fi ń yangàn títí wọ́n fi kú. Lloyd àti Clive náà ti gé èyí tó gbẹ nínú ìwọ̀nba tó kù fún ìdáná, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn pé inú ihò igi gbígbẹ lonírùpupa ń bímọ sí. Látìgbà tí wọ́n ti sọ fún Clive, kò sinmi mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, kò láya, kò lọ́mọ, ó kan àpótí mọ́kànlélógún mọ́ ara igi, kí àwọn onírùpupa lè rílé. Averil ní ẹ wá wo bàbá tí òrùlé tirẹ̀ ń jò, tó ń kọ́lé fún eku.

Lóṣù Kẹrin, ọmọbìnrin kan wá láti Perth. Imogen lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dẹ pàkúté tí kì í pa nǹkan. Òru mẹ́rin ló fi dẹ ẹ́ nínú igbó náà. Ẹyọ mẹ́ta ló mú, ó sì tú wọn sílẹ̀. Akọ méjì, abo kan.

Ó jókòó ní ilé ìdáná Averil, Clive lápá kejì tábìlì, ó sì ṣàlàyé ohun tí èyí túmọ̀ sí. Igbó mìíràn tó sún mọ́ wọn jù, kìlómítà mẹ́rìnlá. Ilẹ̀ gbalasa, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ológbò lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ kò lè rìn ín já. Nítorí náà, abo kan yìí ni gbogbo wọn. Bó bá bímọ, wọ́n lè tún di mẹ́jọ. Bí kò bá bí, ó parí nìyẹn. Bó ti ń sọ ọ́, Clive ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ìyáàfin Maddock, ẹ jọ̀ọ́," ni Imogen wí, "lọ́dún yìí nìkan, ẹ má fi májèlé eku síbi kankan."

Averil ń gé kéèkì. Kò gbójú sókè.

"Ọmọ Perth," ló wí, "tiwa kì í kú ikú májèlé."

Ọ̀rọ̀ Dorrakin nìyẹn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ewé olóró kan wà tó ń hù nínú igbó wọn. Àwọn ẹran ibẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, títí oró rẹ̀ fi di omi lásán lára wọn. Oró kan náà ló wà nínú májèlé tí wọ́n ń dà sígbó fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á jẹ ẹ́, á kú. Ológbò á kú. Ajá ẹni tí kò so ajá rẹ̀ á kú. Ẹran ilẹ̀ wọn á rìn kọjá. Kò sí ohun tó ń wú wọn lórí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti wá ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo májèlé ayé, ìyá kan náà ló bí wọn.

Imogen ní ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ̀tọ̀, ti eku lọ̀tọ̀. Ti eku, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ di omi, ẹran tó bá sì jẹ eku tó ti jẹ ẹ́, ó ti jẹ ẹ́ náà nìyẹn. Averil gbé kéèkì síwájú rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, àgùntàn mélòó ló ti rẹ́ láyé rẹ̀. Clive bú sẹ́rìn-ín. Etí ọmọbìnrin náà pọ́n. Ó fi ìwé kan sílẹ̀ sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Averil fi í ṣáná sí sítóòfù.

Ìkórè ọdún tó kọjá ti dára jù. Ìkórè tó dára a máa bí eku. Kí òtútù tó dé, wọ́n ti wà nínú ìyẹ̀fun, wọ́n wà nínú bàtà, wọ́n wà nínú dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, tí orin Ọjọ́ Ìsinmi fi ń dún bíi pé ẹnì kan ń húkọ́ lábẹ́ rẹ̀. Averil farada èyí. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù Kẹfà tó lọ nu àga Lloyd. Ìtọ̀ eku ló bá lórí tìmùtìmù, etí àga ti di jákujàku.

Ó dúró wò ó pẹ́. Ó sọ fún Clive lójú wáyà ọgbà lọ́jọ́ náà, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Clive, tí kì í bá a jiyàn, ní ọ̀rọ̀ náà ò le.

"Gbé àga wọlé, Av. Ogún ìṣísẹ̀ péré ni."

"Mo ti sọ̀rọ̀ lórí àga yẹn nígbà tí orí ẹ ṣì nírun, Clive."

Ọ̀rọ̀ parí. Ó wakọ̀ lọ sílùú, ó ra májèlé eku, ẹ̀yà kóró aláwọ̀ ewé, ike ńlá kan. Ó da díẹ̀ sínú àwo, ó ti àwo bọ abẹ́ àga. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwo ti gbẹ. Ó tún da òmíràn. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, eku ti ń jáde lójúmọmọ, wọ́n ń rìn gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí àwọn ọ̀mùtí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó fi ìgbálẹ̀ lé wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Oṣù Keje dé. Òkú onírùpupa méjì ló gbá ní gbogbo oṣù náà. Nígbà tí Lloyd wà láyé, wọ́n máa ń tó mẹ́wàá, méjìlá. Averil ní ó dáa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ dín kù.

Clive ò rí i bẹ́ẹ̀. Láti ìparí oṣù Kẹjọ ló ti ń gun àkàbà káàkiri, ó ń ṣí àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfìfo. Mọ́kànlélógún, òfìfo. Abo náà kò sí nínú ìkankan, ìgbà tó sì yẹ kó ní ọmọ lára nìyí. Ìrètí kan ṣoṣo tó kù fún un ni pé ahéré ìrẹ́run ló wà. Ó wá béèrè bóyá Averil ti rí i. Averil ní òun kì í wo abẹ́ aṣọ eku. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún béèrè. Averil ní kó lọ fẹ́yàwó.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án. Àwọn arẹ́run ń bọ̀ lọ́la, Averil ń gbá ahéré. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa omi ló ti rí òmíràn, ẹnu rẹ̀ kan ìdí garawa, bíi pé òùngbẹ ló gbé e débẹ̀ tí kò jẹ́ kó dé òkè. Ṣóńṣó bàtà. Ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbálẹ̀. Ṣọ́bìrì, ẹ̀yìn lókè, ikùn nísàlẹ̀.

"Òmùgọ̀."

Ó yíjú, Clive dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà. Averil na ṣọ́bìrì sí i bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àlejò.

"Gba ọ̀rẹ́ ẹ. Òmíràn tí obìnrin pa."

Clive kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ṣọ́bìrì, ó wo Averil, ó tún wo ṣọ́bìrì. Ó wá na ìka kan. Ìka tó kéré jù. Ó ki í bọ abẹ́ ẹran náà, ó yí i padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí ọmọ tó ń sùn.

Mẹ́jọ ni wọ́n. Wọ́n pupa, wọn ò nírun, kò sí èyí tó ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, kálukú fẹnu so mọ́ ọmú tirẹ̀. Méjì ṣì ń mira.

"Averil," ni Clive wí. Láti ọdún tó ti mọ̀ ọ́n, kì í pe orúkọ náà tán. "Akọ kan ò sí láyé lóṣù Kẹsàn-án."

Ó mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Ogójì ọdún ló ti fi í pa àlejò lẹ́rìn-ín.

"Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan pẹ́," ló wí.

Clive ti tẹ̀ ba, ó ń wo àwo tó wà lábẹ́ àga. Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Averil ní ti eku ni, kí ló fẹ́ kó jẹ́, tiwa kì í... Ó dẹ́nu dúró níbẹ̀. Clive náà ò lè gbójú sókè. Òun náà ti rẹ́rìn-ín nídìí kéèkì yẹn.

Averil ló kọ́kọ́ mira. Ó já fìlà onírun Lloyd lára ìṣó tó ti wà fún ọdún mẹ́sàn-án, ó gbé ìyá àtọmọ sínú rẹ̀, ó sì gbé e wọnú ilé lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Clive tẹ Imogen láago. Ọmọbìnrin náà béèrè bí wọ́n ṣe tóbi tó, Clive ní bí ẹ̀wà. Imogen ní kò sí ọwọ́ kankan láyé tó lè fún ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lọ́mú. Kí wọ́n jẹ́ kí ara wọn móoru. Kò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Averil ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti ní èsì fún un. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, kò mọ ohun tó máa fi èsì náà ṣe.

Ó wọ awò ojú, ó ka ara ike májèlé. Lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ohun tí ọmọ Perth sọ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ó po tíì. Wọn ò mu ún. Kí tíì tó tutù tán, ọmọ méjì tó ṣì ń mira náà ti kú.

"Wá gbé apá kejì," ni Averil wí.

Clive tẹ̀ lé e padà sí ahéré. Wọ́n dojú àga Lloyd délẹ̀ láti lè dì í mú, aṣọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ya. Ìtẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹran náà ò wulẹ̀ jí òwú àga gbé lọ. Inú àga ló ń gbé. Òwú, irun àgùntàn, ìyẹ́ ẹyẹ, àti okùn búlúù díẹ̀ tí kò lè wá láti ibòmíràn ju síńgílẹ́ẹ̀tì tí Lloyd fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ ni awọ eku wà, wọ́n kún ibẹ̀ bámúbámú, wọ́n ti bọ́ wọn bí ẹni ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Clive kà wọ́n dé ọgọ́ta, ó jáwọ́.

Abẹ́ àga gan-an ni ẹran náà ti ń bá Averil pa eku, lófẹ̀ẹ́, kí Averil tó rántí pé májèlé wà. Nígbà tí májèlé wá sọ àwọn eku di ọ̀mùtí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́jọ ò ní láti sáré mọ́. Kó na ọwọ́ ni.

Averil wò ó tán. Ó yínmú, bó ṣe máa ń yín in, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọjú rẹ̀ sí. "Gbé e," ló wí.

Wọ́n gbé àga jáde, wọ́n gba iwájú garawa, wọ́n gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà tó ti dúró sí lọ́jọ́sí tó ní láéláé. Clive ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógún ni, kì í ṣe ogún. Averil ní kì í ṣòní ni kò ti mọ̀ ọ́n kà.

Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò sẹ́ni tó jókòó sí i.

Nígbà tí oṣù Keje ọdún kejì dé, Averil mú ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì lọ sí ahéré ìrẹ́run. Kò sí òkú kankan níbẹ̀.